Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi àti Kóòtù Ìyá Olóbì

Bí mo bá rí aṣọ àtijọ́ lọ́rùn ẹnikẹ́ni, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rántí. Gbogbo àdúgbò Ṣàgámù ló ń rìn kiri tòun ti fóònù, tó ń ya irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní fọ́tò. "Aṣọ yìí ní ìtàn," lọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ya ìyá mi rí lẹ́yìn ìsìn, ó gé orí wọn kúrò, ó ní bùbá nìkan lòun fẹ́.

Lọ́jọ́ kan tá a jọ lọ sí ọjà Sábó, ó rí ìyá àgbà kan tó ń ta obì, tó gbé kóòtù ọkùnrin wọ̀ lé ìró.

"Ìyá, ẹ kú ọjà o. Aṣọ yìí ní ìtàn!"

"Ó ní in, ọmọ mi. Ọkọ mi ló ni ín. Òtútù mú mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bọ́ ọ fún mi, wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Likosi. Òkú wọn la gbé bọ̀."

"Ẹ gbé apá ọ̀tún sókè díẹ̀, mà."

Ojú gbà mí tì. Ìyá náà tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́, mà. Bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì pé."

Ìyá náà kẹ̀yìn sí i. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ wọn, ó sì ya ẹ̀yìn kóòtù náà.