Ìyá Òǹkà Lórí Àpáta

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń ka ìjàpá òkun níbi tí omi ti ya wọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán géérégé, á jókòó sórí àpáta kan náà, á gbé awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú, á sì máa kà láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́ẹ̀kan péré. Èyí tó bá yọrí níbi tójú rẹ̀ ti kúrò, kò kan òun. Ìyá Òǹkà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Èmi kà á sí agídí lásán. Ọjọ́bọ̀ ni mo gbéyàwó, àwọn àlejò sì ti jẹun tán kó tó dé, tòun ti iyanrìn lẹ́sẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ọdún méjìlá ni mo fi dì í sínú.

Lọ́dún yìí, ọ̀gá tuntun ní ọ́fíìsì ìtọ́jú òkun kó àwọn èèyàn tirẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ka mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ka mẹ́tàlélógún. Bí tiwọn bá fìdí múlẹ̀, wọ́n á ní ìjàpá ti pọ̀ tó, wọ́n á sì ṣí omi wa fún àwọn ọkọ̀ tó ń fi àwọ̀n ńlá pẹja.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá a jà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá bá mi jókòó."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, aago kan ni a dé orí àpáta, èmi ni mo gbé agbòòrùn. Ó ní kí ọ̀gá máa kà bó ṣe fẹ́. Ọ̀gá kà dé mẹ́rin, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ wo èèpo ẹ̀yìn wọn dáadáa. Igun ọ̀tún ńkọ́?"

"Ó ti kán, mà."

"Ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

Ọ̀gá gbé awò kúrò lójú. Ìjàpá kan ṣoṣo tó ń rì, tó tún ń yọrí mí, ló ti sọ di odidi agbo ilé.

"Ṣé wọ́n ti wá dín kù ni, mà?"

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ìwé rẹ̀ àtijọ́. "Ọdún méjìlá sẹ́yìn, oṣù yìí, àpáta yìí, aago méjì. Mọ́kàndínlógójì."

Ọ̀gá dà á kọ, ó sì fagi lé mọ́kànlélọ́gọ́ta. Àwọn alàwọ̀n ńlá á dúró síta nìyẹn.

Mo yọjú wo déètì náà. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni. Ó ti kọ ọ́ wínníwínní sí etí ìwé: "Mo ti pẹ́. Àbúrò mi á bínú."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bínú mọ́."

Ó ti gbé awò sójú. Aago méjì ti lù, kò sì tíì kà dé ọwọ́ ọ̀tún.