Má Dárúkọ Òórùn Lórí Òkè Yẹn

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Èmi kì í mu ọtí, mo sì ń gba ara Olúwa ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Ó tilẹ̀ kan ara mi, nítorí ọwọ́ kan bo ẹnu mi, kì í sì í ṣe ọwọ́ alààyè.

Èmi ni mo ń tọ́jú yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní ẹsẹ̀ òkè ní Ìdáàṣà. N kò ní dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà. Mo ṣì ń jẹun níbẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, obìnrin kan ti Faransé dé. Ṣàǹtáàlì lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ lọ́fínńdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Á lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, á gbóòórùn ibẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé orí ìrọ̀rí, á padà sílé lọ po òórùn náà sínú ìgò. Ó ṣí èyí tó pè ní Marakéṣì fún mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ṣe ló dà bíi pé mo dúró nínú yàrá tútù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ rẹ̀, tí igi ọsàn sì rúdìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

“Màdáàmù,” mo ní, “bí aṣọ ibùsùn tiwa náà ṣe máa rí nìyẹn bí pàtúróòn bá ra ọṣẹ gidi.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Pàtúróòn, ọ̀gá tó ni òtẹ́ẹ̀lì wa, ló pè é kó wá ṣe ìgò ti Ìdáàṣà, kí àwọn tó ń wá gbàdúrà ní ihò Màríà lè mú un lọ sílé. Ṣùgbọ́n òun ní ohun mìíràn lọ́kàn. Ọmọ Kèrè, ní Ìdáàṣà níbí, ni ìyá rẹ̀. Ìlú òyìnbó ló kú sí. Inú gèlè ìyá náà ló ti máa ń gbóòórùn rẹ̀, títí ẹnì kan fi ṣèèṣì fọ gèlè náà. Láti ìgbà náà, ó ti po òórùn òtẹ́ẹ̀lì káàkiri ayé, kò rí ti ìyá rẹ̀ pò.

Ó ní kí n mú òun lọ sí ahoro orí òkè, níbi tí àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà ogun. Mo sọ èèwọ̀ ibẹ̀ fún un kí a tó gùn ún: bí òórùn kan bá bá ọ lókè yẹn, má fi ẹnu dárúkọ rẹ̀. Ìyá ìyá mi ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Lákòókò ogun, àwọn ará òkè kì í dáná lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan, ebi ń pa ọmọdé, obìnrin kan sun iṣu. Ọmọ ogun kan tó dúró nísàlẹ̀ fa imú, ó ní, “Iṣu sísun nìyẹn.” Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣeé sọ.

“Tàǹtí,” ó ní, “iṣẹ́ mi ni kí n máa dárúkọ òórùn. Bí n kò bá dárúkọ rẹ̀, kì í dúró lọ́kàn mi.”

“Ẹ dárúkọ rẹ̀ nígbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀.”

“Mo ti gbọ́.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò gbà.

Ọ̀sán gangan ni a dé òkè. Ọyẹ́ bo gbogbo nǹkan, a kò rí títì Parakú mọ́ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣì ń gbọ́ ariwo àwọn kàmíọ̀n akẹ́rù. Ògiri ti wó tán. Ohun tó kù ni àpáàdì, àti ojú ọlọ tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta.

Ṣàǹtáàlì yọ fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Àpáta gbígbóná. Ewé gbígbẹ. Ìgbẹ́ ewúrẹ́.”

Mo fà á láṣọ. Ó fi ojú bẹ̀ mí, kò dákẹ́. “Èéfín... Iṣu sísun.”

Èmi náà gbóòórùn rẹ̀. Kò sí iná kankan lórí òkè yẹn.

Ariwo kàmíọ̀n dá wáí, bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń tẹ iná pa, nítòsí wa tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé ẹsẹ̀ tèmi sókè. Ọmọ ọwọ́ kan ké, igbe náà sì gé, bíi pé wọ́n fi ọwọ́ dí i lẹ́nu.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n pọ̀. Wọn kò sáré.

Mo fa Ṣàǹtáàlì wọ ẹ̀yìn àpáta kan. Kò tiẹ̀ bẹ̀rù. Omijé ayọ̀ ló ń dà lójú rẹ̀.

“Màmá ni,” ó sọ sí mi létí. “Gèlè Màmá ni, Tàǹtí. Mo ti mọ̀ ọ́n. Ó jẹ́...”

Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó jà. Ó bù mí jẹ. Àpá rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi títí di òní. N kò tú u sílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé bí orúkọ yẹn bá jáde, a kò ní sọ̀ kalẹ̀ láàyè.

Ìrora náà fẹ́ mú mi kígbe. Mo la ẹnu. Ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn wá, ó bo èmi náà lẹ́nu. Ọwọ́ obìnrin ni, ó le, ó tutù, eérú wà ní ìka rẹ̀. Òórùn tí Ṣàǹtáàlì ń sunkún sí, ara ọwọ́ yẹn ló wà.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bọ̀ dúró ní òdìkejì àpáta. N kò rí i. Mo gbọ́ bó ṣe ń fa imú, díẹ̀díẹ̀, bí ajá. Ó dúró. Ó tún fà á.

N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí ariwo kàmíọ̀n padà, kò sí ọwọ́ lẹ́nu mi mọ́. Eérú ló kù ní ètè mi.

A sọ̀ kalẹ̀ títí a fi dé abẹ́ máńgòrò tí àwọn zémìjàn ń gbé ọ̀kadà wọn dúró sí. “Ọmọ mi,” mo ní, “dárúkọ rẹ̀ níbí.”

Ó la ẹnu. Orúkọ náà ti lọ.

“Ó ti wà lẹ́nu mi,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́.”

Ó ti padà sí Faransé, ṣùgbọ́n ó ń pè mí. Ó ní bí ọyẹ́ bá tún dé, òun á wá, òun á sì dá gun òkè náà. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo ti kìlọ̀ fún àwọn zémìjàn kí wọ́n má gbé e dé ibẹ̀. Wọ́n ní, “Màmá òtẹ́ẹ̀lì, ṣé ẹ ti ń tọ́ ọtí pàtúróòn wò ni?”

Èmi mọ orúkọ òórùn yẹn láti ìgbà tí ọwọ́ náà ti bo ẹnu mi. Kò kúrò lọ́kàn tèmi. Bí mo bá sọ ọ́ fún un, bóyá kò ní wá mọ́. Lọ́jọ́ kan tí ó pè, mo ń gbá yàrá tó sùn sí, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ní, “Ọmọ mi, gbọ́...”

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ohun kan fa imú.

Mo pa fóònù.

Nítorí náà, bí obìnrin tó gbé àpò ìgò kéékèèké bá bi yín lọ́nà òkè yẹn, ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gùn ún, tí òórùn kan sì bá yín níbẹ̀, ẹ gbé orúkọ rẹ̀ mì. Àwọn tó sá pamọ́ síbẹ̀ kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Àwọn tó ń wá wọn ni, wọn kò sì tíì ṣíwọ́.

Ẹ má bi mí pé òórùn kí ni. N kò ní kọ ọ́ síbí.