Rọ́bà Tó Wà Lẹ́nu Ajá Pentti

Bí ẹ bá fẹ́ rí òmùgọ̀ lọ́pọ̀ yanturu, Hilkka ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ dúró sí etíkun Santalahti lọ́sẹ̀ tí yìnyín tó bo òkun bá fọ́. Gbogbo àwọn tó sá lọ sí ìlú ńlá nígbà òtútù á ti dé. Wọ́n á ká tapólì kúrò lórí ọkọ̀ ojú omi wọn, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì dákẹ́. Wọ́n á bú u títí. Ẹ̀yìn náà ni wọn óò wá kan ilẹ̀kùn Hilkka.

Ó ti lé lógójì ọdún tí obìnrin yìí ti ń jí ẹ́ńjìnnì lójú oorun. Aarno ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà, Aarno sì ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Kò sẹ́ni tó ń bá tún ẹ́ńjìnnì ṣe tí kì í kọ́kọ́ bú.

"Epo ọdún tó kọjá lo fi sílẹ̀ sínú ẹ̀?" ni yóò bi onítọ̀hún. "Ṣé ìwọ máa ń jẹ ọbẹ̀ ọdún tó kọjá ni?"

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí Hilkka fojú tín-ín-rín, kò sí èyí tó tó Pentti, àbúrò Aarno. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni Pentti ṣe ní ìlú ńlá Turku títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó wá padà wálé pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun, ajá onírun gígùn kan, àti fìlà kápútéènì. Ẹni tí kò mọ orí ẹja yàtọ̀ sí ìrù, òun ló dé fìlà kápútéènì!

Kí òtútù ọdún yẹn tó dé, ó bẹ Hilkka kó bá òun tọ́jú ẹ́ńjìnnì náà. Hilkka fa omi inú rẹ̀ gbẹ, ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó sì yọ rọ́bà kékeré elétí mẹ́fà tó máa ń fa omi òkun wọlé kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù. Bí rọ́bà yẹn bá wà níbẹ̀ títí òtútù á fi lọ, á gan, á sì ya. Ó fi wáyà so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, bí gbogbo ará Santalahti ṣe máa ń ṣe, kí olúwarẹ̀ má baà lè tan ẹ́ńjìnnì láì kọ́kọ́ rántí dá a padà. Ọmọ ọdún méje mọ̀ bẹ́ẹ̀ létíkun yẹn.

Ohun tí Pentti kò sọ nígbà náà ni pé ojú òun ti wà lára Harmaakari. Àpáta kan ni láàárín omi, tí ẹja ṣawá máa ń gbá jọ sí. Lọ́jọ́ tí yìnyín bá fọ́, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá lù láago mẹ́jọ àárọ̀, ọkọ̀ tó bá fẹ́ ibẹ̀ á gbéra; ẹni tí kẹ́ẹ̀gì tó fi ń sàmì àwọ̀n bá kọ́kọ́ wà lára òrùka irin tí wọ́n kàn mọ́ àpáta náà ló ni ibi àwọ̀n yẹn di ọdún mìíràn. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kì í ju oṣù kan lọ lọ́dún. Ẹja ibẹ̀ ni Hilkka fi ń gbélé. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kó ta ọkọ̀, kó lọ máa gbé yàrá kan lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Turku, níbi tí wọn kò ti ní gbà á láyè kó gbé sípánà wọlé.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Hilkka ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ láti aago méje. Ó ti dá rọ́bà tirẹ̀ padà sáyè, ọ̀kan sì wà lápò ẹ̀wù rẹ̀, nítorí Aarno ti kọ́ ọ pé méjì ni kó máa mú dání. Ó gbọ́ tí ajá Pentti ń rún nǹkan lórí afárá pákó tí wọ́n so ọkọ̀ àwọn méjèèjì mọ́. Ó wò ó. Nǹkan dúdú kékeré ni, etí mẹ́ta ló kù lára rẹ̀.

"Pentti, kí ni ajá ẹ ń jẹ?"

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọ̀rọ̀ ajá la bá débí ni? Kinní kan tí mo bá lára kọ́kọ́rọ́ ni. Ó dọ̀tí, mo bá jù ú fún un kó máa fi ṣeré."

"O jù ú fún ajá."

"Ṣé kí n máa kó ìdọ̀tí sápò ni? Ẹ́ńjìnnì tuntun rèé o, Hilkka, kì í ṣe àlòkù tí Aarno fi sílẹ̀ fún ẹ. Ẹ̀yìn mi lo máa máa wò lónìí."

Gbólóhùn kan péré ló kù kí Hilkka fi kìlọ̀ fún un, ó sì ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n "àlòkù" yẹn bí i nínú, ó sì gbé gbólóhùn náà mì. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, kí òun wá máa fọn fèrè nítorí kí ni?

Agogo lù. Ẹ́ńjìnnì Pentti bú ramúramù, ọkọ̀ rẹ̀ sì ta kán síwájú. Hilkka wo ìdí ọkọ̀ náà: èéfín ń jáde ní sàlẹ́ńsà, ẹ̀kán omi kan kò bá a jáde bó ti yẹ. Inú rẹ̀ dùn. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ kó dára létí, inú obìnrin yẹn dùn gidi ni. Ó rọra tẹ̀ lé e, omi ń tú jáde yàà nídìí ọkọ̀ tirẹ̀.

Wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí èéfín Pentti fi di dúdú, tí nǹkan han gooro nínú ẹ́ńjìnnì, tó sì kú pátápátá. Afẹ́fẹ́ ń gbé yìnyín tó kù bọ̀, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, òmíràn tóbi tó ilẹ̀kùn. Ó ń gbá ọkọ̀ Pentti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kápútéènì bọ́ fìlà, ó ń fì í sókè.

"Hilkka! Okùn! Jọ̀ọ́, ju okùn!"

Hilkka lè kọ́kọ́ lọ so kẹ́ẹ̀gì kó tó padà wá, ṣùgbọ́n yìnyín kò ní dúró dè é. Ó pòṣé, ó sì ju okùn. Ó fà á, àmọ́ kò fà á lọ sílé. Harmaakari ló fà á lọ.

"Kí ló ṣe ẹ́ńjìnnì mi?" Ojú Pentti ti ràn.

"Kinní tí ajá ẹ fi ń ṣeré ni. Òun ló ń fa omi."

Pentti fi fìlà sílẹ̀. "Nígbà tí o bi mí yẹn, o ti mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Aarno ì bá sọ fún mi."

Hilkka kọjú síwájú, ó ń tukọ̀. Aarno ì bá sọ lóòótọ́. Òun ló ní kó máa mú rọ́bà méjì dání, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ọ̀kan fún ẹnikẹ́ni tó bá gbàgbé. Èyí tó wà lápò rẹ̀ yìí ì bá sì bá ẹ́ńjìnnì Pentti mu wẹ́kú.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ọkọ̀ Pentti ló sún mọ́ àpáta jù. Hilkka na kẹ́ẹ̀gì pupa rẹ̀ sí i.

"So ó," ló wí.

Pentti so ó mọ́ òrùka irin náà. Hilkka yí orí ọkọ̀ padà sílé, ó fi ọwọ́ kan tukọ̀, ọwọ́ kejì sì wà lápò, lórí rọ́bà yẹn, títí wọ́n fi gúnlẹ̀.