Ìyá mi ti fi kẹ̀kẹ́ tí mo fẹ́ fi díje ṣe sàráà

Akoto tuntun ṣì wà lórí mi bí mo ṣe ń tẹ eléyìí, ṣùgbọ́n mi ò ní kẹ̀kẹ́ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdíje mi àkọ́kọ́. A ó lúwẹ̀ẹ́, a ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere, a ó sì fi eré sísá parí ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ bàbá mi tó ti kú ni mo fẹ́ gùn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó ti wúwo jù, mo ní òun náà ni mo fẹ́. Mo pààrọ̀ táyà ẹ̀, mo tún búrékì ẹ̀ ṣe.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ ra akoto àti kánfáàsì ní Ọjà-Ọba. Ìgbà tí mo dé, kẹ̀kẹ́ ò sí nílé.

"Ìyá, kẹ̀kẹ́ dà?"

"Mo ti fi ṣe sàráà. Àáfà ti gbé e lọ."

"Sàráà kẹ̀?"

"Mo rí bàbá ẹ lójú àlá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, ó sì ti rẹ̀ wọ́n. Ṣé kí n máa wò wọ́n níran ni? Ìwọ ṣáà ti ra bàtà tuntun."

Wọn kì í gba sàráà padà. Mo ní "Kí Ọlọ́hun gbà á," mo wọ yàrá lọ.

Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, wọn ò wá sójú àlá tèmi rí. Orí kẹ̀kẹ́ yẹn nìkan ni mo ti ń rí wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí òbí yín tó ti kú lójú àlá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?