Orúkọ Oyè Tó Di Ẹ̀wù Òtútù

Ọjọ́ Àlàmísì ni ilé ìwé aládàáni kan ní Òwu ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ fún ogójì ìṣẹ́jú, kí àwọn fi wò mí bóyá àwọn á gbà mí síṣẹ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ìdí tí àyà mi fi ń já. Kì í ṣe pé mi ò mọ iṣẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí wọn ò bá tún gbà mí, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé èmi ni mi ò dáa tó.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n yàn fún mi ni àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ara orúkọ èèyàn àti ìtàn àtijọ́ jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo jókòó sí ìsọ̀ màmá mi ní Kémta, mo ń ka àkọsílẹ̀ mi sókè. Kádígàn ọmọdé ni màmá mi ń tà, ó sì ti lé lógún ọdún. Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ èmi ọmọ wọn pè wọ́n. Ní àsàlátù pàápàá, Ìyá Oníkádígàn ni.

Mo kà á dé ibi tí wọ́n ti ní orúkọ oyè ìjòyè kan nílùú òyìnbó ni kádígàn. Jagunjagun ni, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló máa ń wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ nínú òtútù. Màmá mi dá aṣọ tí wọ́n ń ká dúró.

“Ṣé ó ti kú?”

Mo ní ó ti pẹ́.

“Kí Ọlọ́run fi orí jìn ín. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń jẹ oyè olóyè, ẹ ò sì sọ fún mi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá wò mí. “Bó o bá dé ọ̀hún, má pe àgbàlagbà ní ‘ó’ o. ‘Wọ́n’ ni kó o pè é.”

Mo rò pé àwàdà lásán ni. Àmọ́ nígbà tí mo dúró níwájú àwọn ọmọ náà, tí ọ̀gá àgbà, Alhaja kan tó ju màmá mi lọ, jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bírò, ‘wọ́n’ tí màmá mi sọ ló jáde lẹ́nu mi, ní Gẹ̀ẹ́sì: ‘they’. Mo ní wọ́n jẹ́ jagunjagun, mo ní wọ́n jẹ́ ìjòyè. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó bi mí pé ẹni mélòó ni wọ́n.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó kàn nínú ìwé mi ni pánìkì, ìyẹn ìpayà, èyí tó ti ara orúkọ òrìṣà igbó ẹlẹ́sẹ̀ ewúrẹ́ kan wá, tó máa ń dẹ́rù ba arìnrìn-àjò. Ìpayà náà bá mi lóòótọ́. Mo gbàgbé gbogbo ohun tí mo há sórí, bírò Alhaja sì ń lọ.

Nígbà tí mi ò rí irọ́ pa, mo sọ òótọ́. Mo ní ẹnì kan ṣoṣo ni, màmá mi ló ní kí n bọ̀wọ̀ fún un. Mo sọ iṣẹ́ wọn àti orúkọ tí Kémta ń pè wọ́n, bó ṣe jẹ́ pé èèyàn kan fún aṣọ lórúkọ, tí aṣọ sì tún fún ẹlòmíì lórúkọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ojú máa ń tì mí bí wọ́n bá pè mí lọ́mọ Oníkádígàn. Mo sọ ìyẹn náà, kò sì sẹ́ni tó ní kí n sọ ọ́.

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọmọkùnrin kan ní Bàbá Àláàmù làwọn ará àdúgbò ń pe bàbá bàbá òun, torí àwọn ló ń jí gbogbo ilé fún ìrun àsùbáà. Òmíràn bi mí bóyá orúkọ òun náà lè di nǹkan lọ́jọ́ kan. Aago lù, a ò tíì parí.

Alhaja pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní gírámà mi kò dáa, kí n lọ tún un ṣe. Mo ti ń dọ̀bálẹ̀ láti dúpẹ́ kí n máa lọ.

“Aago méje ààbọ̀, lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Má pẹ́ o.”

Mo dé ẹnu géètì kí n tó rántí pé mi ò bèèrè kíláàsì tí mo máa kọ́. Mo pa dà lọ bèèrè. Wọn ò gbójú sókè.

“Àwọn tó fi ẹ́ rẹ́rìn-ín yẹn náà ni.”