Ọ̀rọ̀ Tí Aníwúrà Ò Sọ Létí Sàréè

"Yọ ọ́ kúrò, Jésùtómi! Yọ ọ́ kí n tó fọ́ fóònù yẹn mọ́ ẹ lórí!"

Anti Aníwúrà ni o, àbúrò màmá mi. Ẹ̀gẹ́ tó ń mọ fún púpurú tó ń yan lórí iná tà ṣì kún ọwọ́ ẹ̀. Èmi, ẹ̀rín ni mò ń rín.

"Anti, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti ń wò ó dé Òde-Ìrèlè."

Fídíò ẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ka Bíbélì ní ìjọ wa ní Àyèká. Lọ́jọ́ Sunday yẹn, ibi tí wọ́n kọ "ọmọ" sí, "ọma" ló kà, bí gbogbo wa ṣe ń pè é ní Ìkálẹ̀ nílé. Mo ká a, mo fi ohùn ẹ̀rín sí i, mo jù ú sí Wásáàpù. Ó parí.

Ẹ̀yin ará Òkìtìpupa, ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ta ló rẹ́rìn-ín jù? Àwa náà ni. Ẹni tó ń pariwo "ọma" ní kíṣìnnì, tó bá ti rí àlejò, á di ará Ìbàdàn. Wòlíì Fágbèmí, olórí ìjọ wa, gba Bíbélì lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé e fún Vivian tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Lọ́jà, wọ́n á ní, "Sister Ọma, èló ni púpurú?" Ó kàn ń na ìka sókè ni.

Kò pé oṣù méjì, ìyá ẹ̀ kú. Ìyá màmá mi náà nìyẹn.

Nílé tiwa, ọmọbìnrin tí ìyá bí kẹ́yìn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí sàréè, tó máa fi èdè Ìkálẹ̀ sin ìyá ẹ̀ sọ́nà. Bí ìyá ò bá gbọ́ ọ, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ọ̀run ló máa dúró sí, kò ní mọ ibi tó ń lọ. Màmá yẹn ò sì gbọ́ èdè míì lẹ́nu ọmọ ẹ̀ rí.

Aníwúrà tó jẹ́ àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbójú sókè. Fóònù bí ogún ló nà sí i, tèmi wà níbẹ̀. Mo búra, mi ò fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó kàn ti mọ́ mi lára ni. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ló bá fa bébà yọ, ó ń kà á ní Yorùbá ilé ìwé bíi ìròyìn rédíò: "Ìyá mi ọ̀wọ́n, mo dágbére fún yín..."

Kò ṣì í rárá. Vivian pàtẹ́wọ́.

Bàbá Ọláṣùpọ̀, àbúrò olóògbé, wo ọ̀tún, wo òsì. "Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

Kí Aníwúrà tó tún lanu, wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀.

Àràárọ̀ ló ń lọ síbẹ̀ báyìí. Ó máa lanu, èdè bébà yẹn náà ló ń jáde. Ó ti rù. Iná abẹ́ púpurú ẹ̀ ti kú. Mo ti yọ fídíò yẹn, àmọ́ ó wà lórí fóònù gbogbo ayé. Lánàá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Anti, ẹ jọ̀ọ́. Mo jẹ yín ní gbèsè."

Kò wò mí.

"Dìde, Jésùtómi. Gbèsè tìẹ kéré. Ìyá mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà."