Òkúta Tí Kò Gba Omi

Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ fún wọn kò tíì gbẹ́ ẹ dé àyà ènìyàn tí wọ́n fi kan àpáta. Mo rántí orúkọ gbogbo wọn, títí dórí ẹni tó ń bu omi fún wọn mu, ṣùgbọ́n n ò ní kọ ọ́ síbí, torí wọ́n ṣì ń kí mi lọ́nà oko. Wọ́n fi òòlù àti irin gbẹ́ ìyókù. Àbúrò ọkọ mi, òun ni olórí ẹbí báyìí, dúró létí kòtò náà, ó ní, "Ulé àpáta ni ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sí! Omi ò ní kàn wọ́n láéláé." Gbogbo wa ṣe àmín sí ilé àpáta náà. Èmi náà ṣe tèmi, tẹkúntẹkún.

Ọkọ mi kórìíra ọ̀rinrin. Tí bàtà wọn bá tutù, kò sí àlàáfíà nínú ilé lọ́jọ́ náà.

Àgbàlá ni sàréè wọn wà, níbi tí à ń sin àgbà sí ní Ìtàjí, fèrèsé yàrá mi sì dojú kọ ibẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo rí i pé omi tó ń ṣàn láti ẹ̀yìn ilé ìdáná ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè náà. Tó bá ṣe díẹ̀, n ò ní rí i mọ́. Ibo ló ń gbà?

Olùkọ́ kan ní yunifásítì ló gba yàrá iwájú ilé wa, ẹ̀kọ́ nípa òkúta ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo pè é.

"Dókítà, ṣé omi lè wọnú àpáta?"

"Àpáta wo, Màmá?"

Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí wọ́n kó èyí tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú sàréè jọ sí. Ó mú ọ̀kan, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó ní òun á lọ wọ̀n ọ́n bóyá nǹkan lè gba inú ẹ̀ kọjá. Mo rò pé tó bá di ọjọ́ kejì, n óò gbọ́ èsì. Ẹ gbà mí!

Ó ní àwọn á gé òkúta náà róbótó bí àbẹ́là, àwọn á ki í bọnú rọ́bà tó fún un pinpin, àwọn á wá ti gáàsì gba inú ẹ̀ láti ìdí kan, kí àwọn wo bó ṣe máa jáde ní ìdí kejì.

"Gáàsì kẹ̀? Omi ni mo bi ẹ́."

"Omi á pẹ́ púpọ̀ nínú ẹ̀, Màmá. Gáàsì ló yá."

Ó dé lọ́jọ́ kan, ó ní òkúta náà gba nǹkan díẹ̀. Nígbà tó tún dé, ó ní àwọn fi agbára kún gáàsì náà, ihò inú òkúta sì dà bí èyí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

"Òkúta kan náà?"

"Ọ̀kan náà ni, Màmá."

"Ṣé ó ń sanra ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. "Èwo wá ni òótọ́ nínú méjèèjì?"

"Kò tíì sí òótọ́ níbẹ̀, Màmá." Ó jókòó sórí àga ọkọ mi láti ṣàlàyé. Ó ní omi máa ń lẹ̀ mọ́ ara ihò tó bá ń kọjá, bí epo pupa ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò. Ṣùgbọ́n gáàsì tí agbára ẹ̀ bá kéré, tí ihò sì tóóró, kì í lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń yọ̀ lọ, á wá dà bí ẹni pé ihò náà fẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Bí a bá ń tẹ gáàsì náà mọ́ra sí i, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ ẹ̀ ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń wọ̀n ọ́n lọ́tunlọ́tun, kí àwọn lè mọ ibi tí irọ́ ti máa tán.

"Tí o bá ti mọ̀ pé òpùrọ́ ni, kí lo tún ń bi í léèrè fún?"

Lẹ́yìn ìyẹn, iná lọ níbi iṣẹ́ wọn. Iná dé, gáàsì tán. Gáàsì dé, ẹlòmíràn ń lo ẹ̀rọ. Gbogbo ìgbà yẹn ni òjò ń rọ̀ o! Mo bẹ àbúrò ọkọ mi pé kí a la gọ́tà sí àgbàlá, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ọkọ́ síbẹ̀ kí a tó ṣe ìrántí ọdún kan, nígbà tí àwọn ọmọ máa wá fi táìlì ṣe sàréè náà. Àpáta ṣáà ni, kí ni mò ń bẹ̀rù?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, olùkọ́ náà wọlé. "Màmá, ó ti parí. Òkúta yẹn ò gba nǹkan kan, àfi bíńtín."

Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo wo ojú ẹ̀, kò dúpẹ́.

"Kí ló tún dé?"

"Màmá, ohun tí kò gba omi wọlé, kò ní gbà á jáde. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi dí i lókè ni omi ń gbà wọlé. Tó bá wá dé ìsàlẹ̀..."

Mo bá a parí ẹ̀, "Á dúró bí omi inú odó."

Inú bí mi sí i, ó bí mi sí àbúrò ọkọ mi, ó bí mi sí àmín tí gbogbo wa ṣe. Mo béèrè bóyá ó ti kún. Ó ní kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ìyẹn, àfi kí a ṣí i. Ta ló máa ṣí i?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ọkọ́. Olùkọ́ jáde tòun ti báàgì ẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń wọ̀n ọ́n."

Ó bọ́ bàtà, ó wá ṣọ́bìrì. A la gọ́tà láti ẹ̀yìn ilé ìdáná gba ẹ̀gbẹ́ sàréè jáde sí títì, a kó amọ̀ lé orí sàréè náà, a gún un mọ́lẹ̀. A ò tíì fọwọ́ tí àbúrò ọkọ mi fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

"Ìyàwó! Ta ló ní kí o gbé ọkọ́ síbẹ̀? Ṣé n ò ní ó di ìgbà ìrántí ni?"

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá. Òjò ni kò gbọ́."

"Ulé àpáta ni ẹ̀gbọ́n mi wà!"

"Ulé àpáta náà ni. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá wọn gbọ́n omi inú ẹ̀?"

Ó ní olùkọ́ ti dà mí lórí rú. Ó pe ìpàdé ẹbí, wọ́n ní kí a dí gọ́tà náà. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ dí i, kó wá nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kó wá wo ibi tí omi ń lọ kó tó dí i. Ẹnì kankan ò tíì wá. Tí òjò bá rọ̀ báyìí, títì ni omi ń gbà lọ. Èyí tó ti wọlé ṣáájú wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ mi, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i.